Ẹ Mọ Ẹni Tó Ni Àmì Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́

Ẹni tó bá gba òpópónà Herbert Macaulay kọjá ní Sábó, ní Yaba, pàápàá lásìkò tí àwọn ọmọ Yaba Tech àti UNILAG ń parí pírójẹ́ẹ̀tì wọn, á rí wọn níwájú àwọn bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, fláàṣì lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ nǹkan tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí." PDF ni wọ́n sọ di Word, ni àmì gàdàgbà kan bá dábùú gbogbo ojú ìwé. Wọ́tàmáàkì nìyẹn. Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ kékeré ni yíyọ rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà yọ ọ́ lè tú àṣírí àpò wa fún olè, ó sì lè gbé wa dé ilé ẹjọ́.

Ibi tí àmì náà ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni, tí ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ fi yí i padà wá lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ lè sanwó, ìwé yín ṣì ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ "DRAFT" sí i kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i, tiyín náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ báǹkì, ilé ẹ̀kọ́ tàbí òǹkọ̀wé kan ló fi àmì síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ká ní tiyín ni. Ẹ kọ́kọ́ wá ojúlówó fáìlì Word náà nínú ímeèlì tàbí lọ́wọ́ ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló wà níbẹ̀ tí a ò rántí. Tó bá ti sọnù, Word ọdún 2013 àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣí PDF fúnra wọn. Google Docs náà lè ṣe é. Kò sí èyí tí yóò lẹ àmì kankan mọ́ ìwé yín nínú méjèèjì. Tí àmì bá ti wọlé, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kan pamọ́ ná, kí ẹ wá lọ sí Design, ẹ tẹ Watermark, kí ẹ tẹ Remove Watermark. Tí kò bá kúrò, ó lè jẹ́ pé ìyípadà yẹn ti sọ ọ́ di àwòrán tàbí àpótí ọ̀rọ̀, tó sì sá pamọ́ sínú header, ìyẹn àyè òkè ojú ìwé. Ẹ tẹ òkè pátápátá ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ tẹ àmì náà títí ìlà yóò fi yí i ká, kí ẹ wá tẹ Delete. Ìwé tó bá pín sí abala púpọ̀ lè gba pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ojúlé ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọ́fíìsì FBI tó wà ní Denver, ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráàlú pé àwọn ọ̀daràn ń gbé ojúlé tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́ kalẹ̀. Wọ́n á bá ọ ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n dá padà lè gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, wọ́n sì lè ti ṣa orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ọ̀rọ̀ báǹkì inú èyí tí o fún wọn. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé tiwa: ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì nínú CV, nọ́ńbà àkáǹtì nínú sítétímẹ́ǹtì, NIN lórí sílíìpù. Ẹni tó kó ìwọ̀nyí fún ojúlé tí kò mọ̀ rí dà bí ẹni tó kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún àjèjì pé kó bá òun gbálẹ̀.

Ètò olówó tí wọ́n fi crack ṣí kí wọ́n má baà sanwó náà ńkọ́? Bí ètò kan bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kí òun tó wọlé, ẹ jáwọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó bá ní fáírọ́ọ̀sì lè kó o ran fláàṣì gbogbo ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ náà. Àdúgbò tí Co-Creation Hub, ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣílẹ̀kùn sí ní 2011 ni tiwa. Ìmọ̀ ò wọ́n wa débi tí a ó fi máa bá oníbàárà ṣiṣẹ́ báyìí. Ìwọ oníbàárà, jókòó ti ẹni tó ń bá ọ ṣe é. Kó o tó dìde, rí i pé wọ́n pa fáìlì rẹ rẹ́ nínú Downloads àti nínú Recycle Bin, kó o sì jáde nínú ímeèlì àti WhatsApp rẹ.

Ó wá ku àmì ẹlòmíì. Ẹnì kan ń wá físà, ó sọ sítétímẹ́ǹtì báǹkì di Word, ó yọ àmì báǹkì, ó fi òódo mẹ́ta kún owó. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni ṣe é, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, sọ ní abala 13 pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yí ohun inú kọ̀ǹpútà padà kí wọ́n lè gbà á bí ojúlówó lè fẹ̀wọ̀n jura, kò ní dín ní ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kó gba méjèèjì. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó bá a tẹ̀ ẹ́ ò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ní ìlú Ọba, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ìwé èké wá físà lè má rí físà gbà fún ọdún 10. Àwọn tó ń yẹ ìwé físà wò sì lè béèrè lọ́wọ́ báǹkì, kí gbogbo rẹ̀ tú níbẹ̀. Báǹkì yín á fún yín ní sítétímẹ́ǹtì tó ní òǹtẹ̀ bí ẹ bá béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ti gba èsì ìdánwò. Bí ìwé òǹkọ̀wé ni, ẹ kọ̀wé sí i kí ẹ tọrọ ẹ̀dà tó mọ́.

Bí ẹ bá ti gbé ìwé pàtàkì sí irú ojúlé ọ̀fẹ́ tí mo sọ lókè tẹ́lẹ̀, ẹ má bara jẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ lo fóònù míì tí ẹ mọ̀ pé ó mọ́ láti pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì yín ṣáájú ohunkóhun, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olè ń gbà wọ gbogbo àkáǹtì yín yòókù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ pe báǹkì yín, lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Fláàṣì tí ẹ lò lọ́jọ́ náà, ẹ má kì í bọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni títí antivirus yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.