Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ewúrẹ́ Yín Fẹ́ Bímọ

Ewúrẹ́ kì í gbàgbé ilé. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. À-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń tò bọ̀ láti ìdí ààtàn, láti ọjà, láti oko etílé. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ṣú tí ewúrẹ́ tó lóyún kò wálé, ẹ má lọ sùn. Ẹ tan iná, kí ẹ wá a dé ẹ̀yìn ògiri, dé abẹ́ àká, dé inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń rọbí níbẹ̀.

Ewúrẹ́ tó bá bímọ síta lè pàdánù gbogbo ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ajá lè gbé wọn. Ọ̀gbàrá òjò lè wọ́ wọn lọ. Lásìkò ọyẹ́, òtútù òru nìkan tó láti pa ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Èmi kò gbà pé àdánù bẹ́ẹ̀ jẹ́ dandan. Púpọ̀ nínú ewúrẹ́ ló lè bímọ fúnra wọn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ibi gbígbẹ, àti ẹni tó mọ̀ pé àkókò ti tó.

Ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú. Àwọn obìnrin ló ni púpọ̀ nínú ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú tó ń jẹ kiri ní àdúgbò wa, ewúrẹ́ yìí sì sábà máa ń bí ìbejì. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bá ẹlòmíì sìn ín ni, ọmọ kan ti olówó ẹran, ọmọ kan tiyín. Bí méjèèjì bá kú lóru ọjọ́ kan, owó ilé-ìwé ọmọ lè bá a lọ.

Ẹ ka ọjọ́

Oyún ewúrẹ́ máa ń gba nǹkan bí 150 ọjọ́. Òmíràn a bí ní ọjọ́ 145, òmíràn a dé 155. Bí ẹ bá rí òbúkọ tó gùn ún, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀kì lẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ká ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni, ẹ máa retí ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 23 oṣù kejì yẹn ni kí ẹ má ti jẹ́ kó jìnnà sílé mọ́. Bí òbúkọ bá tún gùn ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ kò dúró nìyẹn; ọjọ́ tuntun ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà lè fi òṣùpá kà á. Bí òṣùpá ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún, tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, nǹkan bí 148 ọjọ́ ti kọjá. Ìṣirò tó dára ni.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ń jẹ kiri, ta ló rí òbúkọ tó gùn ún? Ara ewúrẹ́ náà ni ẹ ó máa wò.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò lára rẹ̀

Ọmú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò. Lára ewúrẹ́ tó ti bímọ rí, ọmú lè bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Bó bá kún tán, tí awọ rẹ̀ ń dán, tí orí ọmú méjèèjì le tó sì yọ síta, ìbí lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ ọ̀la. Síbẹ̀, ẹ má fi ọmú nìkan ṣèdájọ́. Ewúrẹ́ tó fẹ́ bí àkọ́bí lè má ní ọmú kan gbòógì títí di ọjọ́ tó máa bí. Òmíràn a bímọ tán kí wàrà tó sọ̀. Bí apá kan ọmú bá gbóná tó sì le, tí ewúrẹ́ kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, àìsàn ọmú nìyẹn, kì í ṣe ìrọbí.

Ibi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìdí ìrù. Ẹ dúró sẹ́yìn ewúrẹ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀ mú, ìka kan lápá ọ̀tún, ìka kan lápá òsì. Iṣan méjì wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ìrù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí egungun ìdí. Lọ́jọ́ lásán, wọ́n le bíi bírò lábẹ́ awọ. Bí ọjọ́ ìbí bá ń sún mọ́, wọ́n á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ẹ kò bá iṣan kankan mọ́, tí ìka yín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lábẹ́ egungun ìrù, ó sábà máa ń bí láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹni tí kò mọ bí iṣan náà ṣe le tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti rọ̀. Nítorí náà, bí oyún bá ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ máa fọwọ́ kàn án láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ń da èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí èèpo iṣu sílẹ̀ fún un. Kò ní pẹ́ mọ́ ọn lára, á sì dúró jẹ́ẹ́ fún yín.

Ikùn rẹ̀ náà á sọ̀ kalẹ̀. Kòtò á hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níwájú egungun ìbàdí, ẹ ó sì rò pé ṣe ló rù. Ojú ara rẹ̀ á wú, á sì dẹ̀. Omi yíyọ̀ á máa jáde níbẹ̀: ó lè kọ́kọ́ funfun kó sì ki, tó bá yá á mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí i tí omi náà gùn, tó so rọ̀ tí kò já, ẹ má lọ sọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tàbí omi tó ń rùn kò sí lára àmì rere. Bí ewúrẹ́ bá ṣẹ́yún kí ọjọ́ tó pé, ẹ yà á sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú ọmọ náà; ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, torí àwọn kan lára àwọn àrùn tó ń mú ẹran ṣẹ́yún máa ń ran èèyàn.

Ìwà rẹ̀ á yí padà

Ewúrẹ́ tó ti máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà sí èèpo á lọ dá dúró. Á dùbúlẹ̀, á dìde, á yí ibùsùn padà, á tún dùbúlẹ̀. Á máa fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀. Á máa bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, nígbà míì á lá a. Ó lè máa yán, ó sì lè máa payín. Òmíràn á kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n òmíràn á máa jẹ àpọ̀jẹ títí ọmọ á fi fẹ́ yọ, nítorí náà ẹ má sọ pé kò tíì yá torí pé ó ń jẹun.

Ohùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. Kì í ṣe igbe tí ewúrẹ́ máa ń ké bí ebi bá ń pa á. Ohùn kékeré ni, láti inú ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Ohùn yẹn kan náà ni ìyá ewúrẹ́ fi ń pe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá bí i tán. Bó bá ti kọjú sí ikùn ara rẹ̀ tó ń fọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ kò jìnnà mọ́.

Ìrọbí yìí lè pẹ́, ó lè tó wákàtí 12, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ bí àkọ́bí. Ẹ mú un wá sábẹ́ òrùlé. Ẹ gbá ibẹ̀ mọ́, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ, kí atẹ́gùn má ráyè fẹ́ sí i. Ẹ tú okùn ọrùn rẹ̀, torí ó lè wé mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí kiri. Ẹ gbé omi fún un nínú abọ́ tí kò jìn, kí ọmọ má baà já sínú rẹ̀. Ẹ lé ajá, kí ẹ sì sọ fáwọn ọmọdé pé kí wọ́n lọ ṣeré níbòmíì.

Nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀

Á dùbúlẹ̀, á na ẹsẹ̀, ikùn rẹ̀ á le, á sì máa fi agbára tì. Àpò omi ló máa kọ́kọ́ yọ, á sì bẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí pátákò méjì, ọ̀kan ṣíwájú èkejì díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kọjú sílẹ̀, imú ọmọ á sì wà lórí wọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra. Ó nira fún ẹni tó fẹ́ràn ẹran rẹ̀ láti kàn dúró máa wò, àmọ́ ẹni tó bá ń fa ọmọ kí àsìkò tó tó lè fa ara ìyá ya.

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kọjú sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọmọ lè gba ẹ̀yìn wá kó sì yè, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà, torí okùn ìwọ́ rẹ̀ á ti há kí orí tó jáde. Bí ìbàdí rẹ̀ bá ti yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ rọra fà á wá sísàlẹ̀ nígbà tí ìyá bá ń tì.

Bí ìyá bá ti fi agbára tì fún wákàtí kan tí ohunkóhun kò yọ, tàbí tí ẹ rí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tàbí orí láìsí ẹsẹ̀, tàbí ìrù nìkan, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ ti gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí ọmọ bá ti bọ́, ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀ kó lè mí. Bí kò bá mí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ ra á lára gidigidi, kí ẹ sì fi koríko tín-ín-rín wá a nínú ihò imú. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e síwájú ìyá rẹ̀ kó lá a gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ara wọn. Ẹ fi iodine tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì pa ìdí ìwọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì máa retí èkejì, tó sábà máa ń dé láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Wàrà àkọ́kọ́ ki, ó sì pọ́n díẹ̀. Àwọn kan máa ń fún un dànù pé kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Inú rẹ̀ ni ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn wà, ọmọ kò sì ní in lára nígbà tí wọ́n bí i. Ẹ fún ẹ̀kán díẹ̀ péré jáde lórí ọmú kọ̀ọ̀kan kí ojú rẹ̀ là, kí ọmọ sì mu ún láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá lágbára láti dìde, ẹ fún wàrà náà sínú fídà fún un.

Ibi máa ń bọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn àgbà máa ń já ewé ìyeyè fún ìyá jẹ kó lè tètè bọ́, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn ewé náà. Ẹ má fi ọwọ́ fa ibi tó so rọ̀, ẹ má sì so nǹkan mọ́ ọn. Bó bá ya sínú, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ tàbí kó rà síbẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò tíì bọ́, ó di ti dókítà. Èyí tó bá bọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, torí òórùn rẹ̀ ló ń fa ajá wá síbi tí ọmọ wà.