Ọ̀sà Kì í Ṣe Adágún: Ìperí fún Omi àti Ilẹ̀ ní Agbègbè Ìjẹ̀dẹ̀

Ìṣòro tí ó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni nípa ojú ilẹ̀ ayé kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe pé a kò tíì pààlà sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ètò náà fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìpàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó kù fún wa ni kí á rí i dájú pé ọ̀rọ̀ kan kò ṣe iṣẹ́ méjì níbi tí ìmọ̀ ti ń béèrè ìyàtọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìlú Ìjẹ̀dẹ̀, tí ó wà ní bèbè àríwá ọ̀sà Èkó ní agbègbè Ìkòròdú, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ọ̀sà. Atúmọ̀ èdè tí kò gbé etí omi lè rò pé adágún ni òun yóò pe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "lagoon", nítorí pé omi tí ilẹ̀ yí ká ni ó rí nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ yìí, adágún, ti pẹ́ nínú ìwé wa. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò ó nínú Ìhìnrere Lúùkù fún omi Gẹnẹsárẹ́tì. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni a pè ní òkun Gálílì nínú Ìhìnrere Mátíù. A kò bá wọn jà, nítorí pé èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka méjèèjì kò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú omi náà tàbí kò sí. (Kò sí i, omi odò Jọ́dánì ni ó ń gbà ibẹ̀ kọjá.) Adágún ni omi tí ó dágún, èyí tí ilẹ̀ yí po tí kò sì ní ẹnu sí òkun. Ọ̀sà ní ẹnu sí òkun. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀pá ìdiwọ̀n wa, kì í sì í ṣe àwa ni a hùmọ̀ rẹ̀: àwọn ará etí omi ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà sì jẹ́rìí sí i.

Kí ni ewu tí ó wà nínú kí a pe ọ̀sà ní adágún? Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ tí a bá kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè ṣàlàyé ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ. Ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, ẹnu kan ṣoṣo tí ó wà ní Èkó ni ó sì fi ń bá òkun pàdé. Odò Ògùn àti odò Májídùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sínú ọ̀sà Lẹ́kì, ní ìhà ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni omi náà sì ti ń wá sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ìgbà òjò, omi àwọn odò yìí a máa ti omi òkun sẹ́yìn, iyọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní etí Ìjẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, omi òkun a tún wọlé. Irú ẹja tí apẹja ń kó a sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Orúkọ wo ni kí a wá fún omi tí kì í ṣe ti òkun, tí kì í ṣe ti odò? Nínú kìlógíráàmù kan omi òkun, iyọ̀ máa ń tó gíráàmù 35. Omi ọ̀sà wà láàárín èyí àti òfo. A ti gbọ́ "omi ìdajì iyọ̀", ṣùgbọ́n ìdajì jẹ́ iye kan pàtó, iyọ̀ ọ̀sà kì í sì í dúró lójú kan. Ohun tí a dábàá ni omi àbùlà. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹmu àbùlà, èyí tí a fi omi là; gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni omi odò ṣe ń bu omi òkun là. Ìlò ọ̀rọ̀ náà yóò pa àwọn kan lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ìkún àti ìfà omi, tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25, kò fún wa ní wàhálà: gbogbo apẹja ni ó ń sọ pé omi kún tàbí omi fà. Kí a ṣáà má fi ìgbì pè é. Afẹ́fẹ́ ni ó ń dá ìgbì sílẹ̀. Òṣùpá àti oòrùn ni ó ń fa èkejì.

Àwọn odò kò gbé omi nìkan wá. Níbi tí ìṣàn bá ti rọlẹ̀, ohun tí wọ́n gbé a jókòó sísàlẹ̀, èyí ni a ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, bí ti ìsàlẹ̀ ìkòkò epo. Kí olùkọ́ bu ilẹ̀ etí ọ̀sà sínú ìgò, kí ó bu omi sí i, kí ó mì í, kí ó sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ jókòó, amọ̀ kíkúnná ni yóò gbẹ̀yìn. Níhìn-ín ni a ti gbọ́dọ̀ tún àṣìṣe kan ṣe: àgbàrá ni omi òjò tí ń ṣàn, òun ni olùṣe; ohun tí ó ń ṣe sí ilẹ̀ kì í ṣe àgbàrá. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ pé omi jẹ ilẹ̀, nítorí náà jíjẹ ilẹ̀ ni kí a pe iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́ ni. Ó wà nínú kòtò fífẹ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, tí ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá wọ ilẹ̀ wa, tí ìpele iyanrìn àti ìpele amọ̀ kún inú rẹ̀. Iyanrìn ń gba omi sára, amọ̀ sì ń dè é lọ́nà. Èyí mú wa dé orí ìsun tí a mọ Ìjẹ̀dẹ̀ mọ́. Ìsun ni ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń sun jáde. Orísun ni ìbẹ̀rẹ̀ odò, yálà ìsun ni tàbí àbàtà. Omi ìsun Ìjẹ̀dẹ̀ kò hó, nítorí náà ìsun lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó tọ́, kì í ṣe ìsun gbígbóná. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì rò pé òkè ayọnáyèéfín wà nítòsí, kò sí. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 25 sí 30 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, omi tí ó bá sì ti ọ̀nà jíjìn wá yóò gbé ooru rẹ̀ dání. Ti Ìkọ́gòsì ní Èkìtì ń gba inú àpáta líle tí ó ní ìlà jáde, nítorí náà àpẹẹrẹ kan kò tó fún kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà fún olùkọ́ tí ó bá mú ìwọ̀n-ooru lọ sí etí omi. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin, tí a kọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980 nítòsí Ìjẹ̀dẹ̀, ń fi omi ọ̀sà mú ẹ̀rọ rẹ̀ tutù. Omi tí ó ti ibẹ̀ padà wọ ọ̀sà náà lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ìsun.