ÀMÁNÀ NI ORÚNKÚN RẸ

 

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti Lẹ́kí títí dé Ajah, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn. Ó dára fún ara. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá rì, tí ara sì yí, ohun kan lè ya nínú orúnkún. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń bèèrè pé: "Ìgbà wo ni n óò padà sí pápá?" Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: "Báwo ni orúnkún yìí yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i?"

KÍ NI Ó YA?

Tìmùtìmù méjì ni Ọlọ́hun fi sínú orúnkún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun tí a máa ń wò kí a tó gba ààwẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní meniscus. Òun ni ó ń gba ìwúwo ara kí egungun má baà máa ha egungun. Ẹ̀jẹ̀ ń dé etí rẹ̀ lóde, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú. Nítorí náà, ibi tí ó ti ya ló ń sọ bóyá yóò jinná. Kì í ṣe egungun tí ó yẹ̀, nítorí náà fífà àti títẹ̀ kò lè tò ó.

Ọ̀NÀ MẸ́TA

1. Eré ìdárayá tí ń fún iṣan itan lágbára.
2. Gígé ibi tí ó ya. Ara máa ń tètè yá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.
3. Rírán an. Ó ń gba oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn sì ń padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n tìmùtìmù yóò ṣẹ́kù.

KÍ NI ỌDÚN FI HÀN?

Láyé àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Ní 1948, dókítà Fairbank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àyípadà tí fọ́tò egungun fi hàn nínú irú orúnkún bẹ́ẹ̀. A ti wá mọ̀ pé bí a bá ṣe gé e tó ni làkúrègbé ṣe ń súnmọ́ tó.

Ní 2013, wọ́n gbé ìwádìí jáde ní Finland lórí ènìyàn 146, ẹni ọdún 35 sí 65, tí tiwọn ti gbó tí ó sì ya. Wọ́n gé e fún apá kan. Fún apá kejì, wọ́n kàn ṣe bí ẹni gé e ni. Lẹ́yìn ọdún kan, bákan náà ni ara wọn ṣe yá. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àmì làkúrègbé pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n gé.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o: orúnkún ọ̀dọ́ tí ó ya lójijì yàtọ̀ sí èyí. Orúnkún tí ó há, tí kò ṣeé nà, kí a má fi falẹ̀ rárá.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ànábì (SAW) pa á láṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Ilé-ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì láti 1945. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, bi dókítà pé: Ṣé ó ṣeé rán? Bí ẹ bá máa gé e, báwo ni yóò ti pọ̀ tó? Ṣé mo lè kọ́kọ́ gbìyànjú eré ìdárayá? Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, má kánjú padà sí pápá, má sì jẹ́ kí ara rẹ sanra jù.

Bí o kò bá lè dúró kírun, jókòó kírun. Ànábì (SAW) ló fún Imran ọmọ Husayn ní ìyọ̀ǹda yìí nígbà tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúnkún tí ẹ fi ń sáré lónìí ni ẹ óò fi forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun lọ́jọ́ ogbó. Kí Ọlọ́hun dá ìlera wa sí. Àmín.