Obìnrin Ẹ̀yìn ₦20

Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Ẹni tó ti lọ ńkọ́, ta ni yóò yìn ín? Ẹ mú ₦20 kan, kí ẹ yí i sẹ́yìn. Ìyá tó wà níbẹ̀ tòun ti ìkòkò, Ládì Kwali ni. Minna níbí ló kú sí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1984. À ń ná owó náà ní Bosso, à ń ná an ní Kpakungu, ọ̀pọ̀ wa ò sì lè dárúkọ rẹ̀.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni Ládì, àǹtí rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ lábúlé Kwali. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ fún un nígbà náà. Amọ̀ á dúró lójú kan, òun ni yóò máa yí i po, tí yóò máa to amọ̀ tó ti fi ọwọ́ yí gbọọrọ lé ara wọn títí ikùn ìkòkò á fi yọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fín alángbá, ọ̀nì àti àkekèé sí i lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé òyìnbó ló ṣàwárí rẹ̀. Láàfin Ẹ́míà Àbújá, ìyẹn Suleja òde òní, ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba gbà síṣẹ́, ti rí ìkòkò rẹ̀ ní 1950. Àṣé ọba ti mọyì rẹ̀ kí àlejò tó dé! Lóòótọ́, iléeṣẹ́ tí Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja ni Ládì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń mú ìkòkò dán. Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀, ní 1954. Halima Audu àti Asibi Ido tẹ̀ lé e. Ó di olùkọ́. Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí, Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1977.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá oníkòkò tàbí bàbá ahunṣọ, ẹ má kàn ná ọjà títí ojú olójú á fi pọ́n. Ẹ tọrọ àyè, kí ẹ fi fóònù ká ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ pè é wá síwájú àwọn ọmọ, kí ẹ sì sanwó fún un bí ẹ ṣe ń san fún ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀.