Owó Orí àti Owó Ìfẹ̀yìntì

Bí owó oṣù bá dín, òṣìṣẹ́ a máa pariwo pé owó orí ti jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìjọba mú. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ń gba ₦1,200,000 lọ́dún ní Nàìjíríà. Ìdá 8 nínú 100, ₦96,000, ń lọ sí àpamọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, agbanisíṣẹ́ a sì fi ìdá 10 kún un. A kì í gba owó orí lórí ₦96,000 yìí. Láti ọdún 2026, òfin tún ń yọ ìdá 20 nínú owó ilé: bí ó bá san ₦300,000, ₦60,000 nìyẹn. Ó ku ₦1,044,000. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 lórí ìyókù jẹ́ ₦36,600. Bí kò bá sọ iye owó ilé rẹ̀ (ayálégbé mélòó ní ń bèèrè rìsíìtì?), ₦45,600 ni yóò san.