Ọkọ̀ Aba: Ọgbọ̀n Ọdún Lójú Agbami

Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀sà tí ó ń wo ọkọ̀ òkun ńlá bí ó ti ń wọ èbúté, ohun tí ó wà lókè omi ni yóò rí: òpó èéfín, àsíá, fèrèsé, àti àwọn èrò tí wọ́n fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kò hàn sí i. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni agbára ọkọ̀ wà, ìsàlẹ̀ náà sì ni ìdúró rẹ̀ wà. Ìtàn ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Aba fi èyí hàn gbangba.

Ní ọdún 1918 ni ilé-iṣẹ́ Barclay Curle kan ọkọ̀ yìí ní ìlú Glasgow, létí odò Clyde, ní ilẹ̀ Scotland. Glenapp ni orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọkọ̀ ẹrù ni, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ Glen Line, tí ń ṣòwò pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn ayé, ni ó sì ni ín. Ní àkókò náà, ooru omi híhó ni ó ń ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òkun lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tọ̀sán tòru, òógùn a sì máa ṣàn lára wọn bí òjò. Èédú náà a tún máa gba àyè tí ì bá jẹ́ ti ẹrù.

Glenapp kò jẹ èédú. Epo ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu, irú ẹ̀rọ tí Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ní àṣeyọrí ní ọdún 1897. Ọmọ tí ó bá ti fi páǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé páǹpù a máa gbóná lọ́wọ́ ẹni, nítorí pé atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ Diesel ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin kan a fún atẹ́gùn pọ̀ nínú àgbá irin títí yóò fi gbóná janjan. A ó wá tú epo díẹ̀ sí i, epo yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná, agbára iná náà yóò sì ti irin padà. Lílọ-bíbọ̀ irin wọ̀nyí ni ó ń yí àjẹ̀ irin tí ó wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Èyí kò wí pé iṣẹ́ tán fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Wọn a máa ta òróró sí ẹ̀rọ, wọn a sì máa fetí sí ìró rẹ̀ láàárín ariwo àti ooru, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá kú lójú agbami ti sọ ọkọ̀ di igi líléfòó.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Elder Dempster. Wọ́n kọ́ yàrá èrò sí i lókè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aba, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní ọdún 1921 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Liverpool sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó ń gbé èrò, lẹ́tà àti ẹrù. Àwọn ọkọ̀ ojú ọ̀nà yìí a máa gba àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Kru ní Freetown láti bá wọn kó ẹrù ní gbogbo etí òkun. Ní Accra, níbi tí kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè wọ̀, ojú òkun ni ọkọ̀ ń dúró sí. Àwọn awakọ̀ a sì máa la ìgbì kọjá nínú ọkọ̀ kékeré, tàwọn tàjẹ̀ lọ́wọ́, láti wá gbẹ́rù. Ti Èkó sàn ju èyí lọ. A ti fi òkúta dí ìgbì òkun lẹ́nu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá sì ti ń wọlé láti ọdún 1914; ní ọdún 1926 ni a ṣí wáàfù Àpápá. Aṣọ, iyọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ń wọlé. Epo pupa, ẹ̀kùrọ́ àti kòkó ń jáde. Àgbẹ̀ tí ó ń sá kòkó lóko kò mọ atukọ̀, atukọ̀ kò sì mọ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn pàdé nínú ikùn ọkọ̀.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, a sọ Aba di ọkọ̀ ilé-ìwòsàn. A kùn ún ní funfun, a sì ya àgbélébùú pupa sí i lára, kí ọ̀tá lè mọ̀ pé aláìsàn ni ó ń gbé. Síbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù lù ú ní ọdún 1941 lójú Òkun Mẹditaréníà, bọ́ǹbù sì tún bà á ní Naples ní ọdún 1944. Ó fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò rì.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Ogun parí, ní ọdún 1947 a ta ọkọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ sì di Matrona. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó wà ní ìdákẹ́jẹ́ nínú èbúté Birkenhead, tí ó kọjú sí Liverpool. Kò sí ìjì, kò sí bọ́ǹbù. Iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀ ni pé a ń kó ẹrù wíwúwo tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹrù yìí kì í ṣe ọjà. Kò sí ẹni tí ń rà á, kò sí ẹni tí ń tà á. Kí òkè ọkọ̀ má baà wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ ni a ṣe ń kó irú rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Ibi tí a ti ń kó o kúrò ni ọkọ̀ ti fì, tí ó sì dojú dé. Ní ọdún 1948 a gbé e dìde, a fà á lọ sí Barrow, a sì tú u palẹ̀ fún irin.

Ọkọ̀ tí bọ́ǹbù kò lè rì, àìní ẹrù ìdí ni ó dà á nù. Bẹ́ẹ̀ ni ilé, ìlú àti ènìyàn rí. Àwọn tí a kì í rí, tí a kì í sì í dárúkọ wọn, ni ó sábà máa ń mú ohun gbogbo dúró. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó bá mọ iye wọn kí a tó kó wọn kúrò.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ ọkọ̀ Glenapp àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà?
2. Fi páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣàlàyé bí epo ṣe ń gbiná nínú ẹ̀rọ Diesel.
3. Báwo ni kíkó ẹrù ní Accra ṣe yàtọ̀ sí ti Èkó?
4. Kí ni ó mú kí ọkọ̀ náà dojú dé ní Birkenhead?
5. Kọ àròkọ kan lórí òṣìṣẹ́ kan ní àdúgbò rẹ tí a kì í sábà dárúkọ, ṣùgbọ́n tí ìlú kò lè ṣe aláìní.