Orúkọ Àbùkù Ṣáájú Orúkọ Ẹ̀yà Ẹ̀rọ: Àkíyèsí Kan lórí Ìgbiná Dákúdájí

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: orúkọ tí ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún àbùkù iná ẹ́ńjìnnì tí í wá, tí í lọ, tí kì í sì í sí nílé nígbà tí mẹkáníìkì bá dé. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá wo iṣẹ́ èdè-ìperí wa dáadáa, a ó rí i pé orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni a ń wá kiri jù. A kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún orúkọ ìṣe ẹ̀rọ, pàápàá ìṣe rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá. Èmi pẹ̀lú jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Volkswagen Beetle, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Ní Mẹ́síkò ni ìkẹyìn Ìjàpá ti jáde ní 2003. Nínú ọkọ̀ yìí, iná bátìrì tí ó jẹ́ fóòltì 12 gba ojú kọ́kọ́rọ́ lọ sí kọ́ìlì, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí kọ́ńtáàtì tí ó wà nínú dísítíríbútọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá panu dé, iná ń ṣàn. Bí ó bá ti yanu, tí àlàfo ẹnu náà kò sì ju nǹkan bí mìlímítà 0.4 lọ, iná já lójijì. Jíjá yìí gan-an ni ó ń mú kí kọ́ìlì bí iná mìíràn tí agbára rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòltì, tí rótọ̀ ń pín fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kọ́ńtáàtì ń yanu láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Ẹ kíyè sí i pé ìfarakàn ni ìtumọ̀ orúkọ kọ́ńtáàtì ní èdè tí a ti yá a, bẹ́ẹ̀ ìyapa ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di “afarakàn” ti tú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sin iṣẹ́ ẹ̀yà náà mọ́lẹ̀. Ní èrò tèmi, kí a fi kọ́ńtáàtì, kọ́ìlì, kọ́ńdẹ́ńsà àti púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń pè wọ́n. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ọ̀rọ̀ náà “iná”. Ohun tí ń ṣàn nínú wáyà, iná ni; ohun tí ń fò ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, iná ni; ohun tí epo ń dà nínú ẹ́ńjìnnì, iná náà ni. Bí olùkọ́ bá sọ pé “iná kò sí”, èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wá? Mo dábàá pé kí “iná” dúró fún ti wáyà, kí “ìtapàrà” jẹ́ ti ẹnu púlọ́ọ̀gì, kí “ìgbiná” sì jẹ́ ti epo.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo túmọ̀ ìwé ìtọ́ni kan fún kíláàsì àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ àbùkù tí í wá tí í lọ, mo kọ “àìdéédéé ìgbiná”, inú mi sì dùn sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ìjàpá tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré, yóò kú pii. Bí mo bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yóò jí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Àṣejírẹ́ nìkan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti ka ìwé mi ni mo gbé e fún. Ó wo ojú ìwé tí mo kọ “àìdéédéé” sí, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún ẹnu kọ́ńtáàtì ṣe. Owó mi lọ, ọkọ̀ kò sàn.

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, ni ó wá tú ìdérí dísítíríbútọ̀. Ó fi ìka ti àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé síwá sẹ́yìn, ó sì fi wáyà kékeré kan hàn mí tí ó ti já nínú rọ́bà rẹ̀, tí rọ́bà náà kò sì ya. Bí mo bá ti tẹ ọkọ̀ kí ó sáré, àwo náà á yí díẹ̀, ẹnu wáyà méjèèjì á sì pínyà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, wọn á tún pàdé. Mo bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ ń pe irú èyí?” Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, dákúdájí ni. Àìdéédéé tí ẹ kọ yẹn, ti ọkọ̀ tí ń tiro ni.”

Ó tọ̀nà. Ọkọ̀ tí ń tiro ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìtapàrà kan ń yẹ̀ nínú mẹ́rin. Púlọ́ọ̀gì, wáyà rẹ̀ tàbí ìdérí tí ó sán ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọkọ̀ dákúdájí ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré, ó sì ń kú pátápátá, lẹ́yìn náà ó ń jí. Nítorí náà, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìtapàrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gbà ni àbùkù rẹ̀ wà. Orúkọ ti dín ibi tí a ó wá kù kí a tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta tún wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: bí ó bá jẹ́ epo ni kò dé, ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ kí ó tó kú. Ti iná dà bí ìgbà tí ènìyàn pa kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà tí ikú náà ń dé ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Èyí tí í kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí í sì jí lẹ́yìn tí ó bá tutù, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ni kí a fura sí. Èyí tí í kú nínú gegele, wáyà tí kò dè ni. Gílóòbù kékeré kan tó láti fi wá a: kí a so wáyà rẹ̀ kan mọ́ irin ara ọkọ̀, kí a fi èkejì kan orí kọ́ìlì tí a kọ 15 sí. Bí ọkọ̀ bá kú tí gílóòbù náà sì kú, iná kò dé kọ́ìlì. Ẹ padà sí ojú kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ń tàn síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí orí tí a kọ 1 sí, kí a sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí ó máa tàn kí ó máa kú. Bí ó bá ń tàn láìkú, kọ́ńtáàtì kò panu dé tàbí wáyà inú lọ́hùn-ún ti já, bí tèmi. Bí kò bá tàn rárá, kọ́ńtáàtì kò yanu, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ti da iná sí ara irin, tàbí wáyà inú kọ́ìlì ti já.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìgboro ni dákúdájí, pé iná ilé tí kì í dúró ni a fi ń pẹ̀gàn. Èmi kò rí i bí àléébù. Ẹni tí ó ti gbé nínú ilé tí iná ti ń dákú tí ó ń dájí mọ̀ pé gílóòbù òun kò bàjẹ́, pé ibòmíràn ni ó yẹ kí a lọ wò. Òye yẹn gan-an ni a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Mo ti pa “àìdéédéé” rẹ́ nínú ìwé náà. Ohun tí ó kù láti jíròrò ni bóyá a lè lo dákúdájí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì fún iná tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń já tí a ń so, irú èyí tí kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Èrò mi ni pé kò yẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí í mọ̀ọ́mọ̀ dákú.